Erin Tó Ń Fojú Díwọ̀n

Ọ̀pọ̀ àlejò tó ń wá sí Àgbádárìgì, àhámọ́ ẹrú Sẹ̀ríkì Abass àti erékùṣù Gbẹrẹfu ni wọ́n ń wá wò. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á ra àgbọn, wọ́n á padà sí Èkó. Èmi tí mò ń gbé níbẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń wo ìtàn náà jù. Àkójọ kan wà tí wọ́n ń pè ní SlaveVoyages, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìrìn àjò ọkọ̀ ẹrú tó lé ní 36,000 ló wà nínú rẹ̀: orúkọ ọkọ̀, orúkọ ọ̀gá ọkọ̀, ọdún tó gbéra, èbúté tó ti ra ènìyàn, ibi tó já wọn sí, iye àwọn tó wọlé àti iye àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ láàyè. Ọ̀jọ̀gbọ́n David Eltis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde nínú CD-ROM ní 1999, ìrìn àjò 27,233 ló wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Ní 2008 ó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlú wa wà níbẹ̀, òun àti Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó.

Ìtọ́jú dátábéèsì ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Àwọn oníbàárà mi wà ní Èkó àti Ìbàdàn, àwọn kan wà lókè òkun. Èmi jókòó sí Àgbádárìgì, mò ń fi sólà tan kọ̀ǹpútà. PostgreSQL ni mò ń lò, dátábéèsì ọ̀fẹ́ tó fi orí erin ṣe àmì. Mo gbé àkójọ ọkọ̀ ẹrú yẹn sínú rẹ̀ nítorí pé ohun tí mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ máa fi dán ìbéèrè wò, kì í ṣe àkójọ bàtà àti ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n ń kó sínú ìwé ìkọ́ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń se epo àgbọn tà ní Ajárá, bá mi níbi tí mo ti ń dúró de ìdáhùn.

Ó ní, “Kí ló ń rò tó fi pẹ́ tó báyìí?”

Mo ní, “Ọ̀nà tó jìn ló gbà, Mọ̀mí.”

“Ṣé kò mọ inú ilé ara rẹ̀ ni?”

“Kò mọ̀ ọ́n, mà. Ó ń fojú díwọ̀n ni.”

Ó wò mí bíi pé mo ń ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo sọ fún un.

Nínú dátábéèsì irú èyí, inú tábìlì ni a ń to ọ̀rọ̀ sí, ní ìlà àti òpó: tábìlì kan fún ọkọ̀, òmíràn fún èbúté, òmíràn fún orúkọ ènìyàn. Ẹni tó ń béèrè kì í sọ bí wọ́n ṣe máa wá nǹkan, ohun tó fẹ́ nìkan ló máa sọ. “Kó gbogbo ọkọ̀ tó ra ènìyàn ní Àgbádárìgì lẹ́yìn 1800 wá, pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá wọn.” Ó parí. Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá IBM ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló la ọ̀nà yìí sílẹ̀ ní 1970. Kó tó dé, ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n kó nǹkan pamọ́ sí, kó sì fúnra rẹ̀ tọpa rẹ̀ dé ibẹ̀. Codd sọ ẹrù náà kúrò lórí ènìyàn, ó gbé e ru ẹ̀rọ. Apá tó gba ẹrù náà nínú ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè ní planner. Ní 1979, Patricia Selinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM kan náà ṣàlàyé bó ṣe lè rù ú: kó wo àwọn ọ̀nà tó ṣeé gbà, kó ṣírò ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ná an, kó mú èyí tó dínwó jù. Orí ìpìlẹ̀ yẹn ni PostgreSQL ṣì dúró lé dòní. Yunifásítì California ní Berkeley ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ PostgreSQL fúnra rẹ̀ ní 1986, lábẹ́ Michael Stonebraker. Ọdún 1996 ló gba orúkọ tó ń jẹ́ báyìí. Kò sí ilé iṣẹ́ kan tó lè sọ pé òun nìkan ló ni ín. Ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, kó tún ibi tó bá bàjẹ́ ṣe, kó fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ kí àwọn àgbà iṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà wa ṣàpèjúwe. Ẹni tó ń ti Àgbádárìgì lọ sí Marina ní Èkó lè wọ mọ́tò, kó gba Mọ́wó, Àgbárá àti Okokomaiko dé Mile 2, kó bọ́ sínú rélùwéè Blue Line tó ti ń gbé èrò láti oṣù kẹsàn-án 2023. Ó sì lè gba orí omi. Kò sí ẹni tó máa kọ́kọ́ rin méjèèjì wò kó tó yan ọ̀kan. Ohun tó gbọ́ ló máa fi yàn: ọjọ́ Ajé ni àbí ọjọ́ Àìkú, òjò rọ̀ àbí kò rọ̀, tírélà ṣubú ní Àgbárá àbí kò ṣubú. Bí ìròyìn bá jóòótọ́, á tètè dé. Bó bá jẹ́ ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọgbọ́n rẹ̀ gan-an ló máa tì í sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ìṣirò rẹ̀ pé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún un ni kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

PostgreSQL fúnra rẹ̀ ló ń kó ìròyìn tirẹ̀ jọ, pẹ̀lú àṣẹ kan tó ń jẹ́ ANALYZE. Kì í ka tábìlì tán. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, ìlà 30,000 ló máa ń ṣà láìwo ojú, ì báà jẹ́ mílíọ̀nù kan ni tábìlì náà ní, ì báà jẹ́ bílíọ̀nù kan. Láti inú ohun tó ṣà ló ti máa kọ àwọn nǹkan tó wọ́pọ̀ jù nínú òpó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ìdá tó ṣófo, àti bí ìyókù ṣe tàn ká. Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀rọ̀ owó, kì í sì í ṣe náírà. Kíka ojú ewé kan tẹ̀ lé èyí tó wà níwájú rẹ̀ lórí díìsìkì, 1 ni wọ́n dá lé e. Fífò lọ sí ojú ewé tó wà níbòmíràn, 4. Yíyẹ ìlà kan wò, 0.01. Láti ayé díìsìkì tó ń yí ni 4 yẹn ti wà. Ọ̀pọ̀ wa tó ń lo SSD, díìsìkì tí kì í yí, máa ń fà á sílẹ̀ dé nǹkan bí 1.1.

Ọ̀nà ló pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè rò lọ. Tábìlì 10 ṣeé tò tẹ̀ léra ní ọ̀nà 3,628,800. Tó bá ti di 12 nínú ìbéèrè kan, PostgreSQL kì í gbìyànjú láti kà wọ́n tán mọ́. Á máa ṣa díẹ̀ wò, á máa da èyí tó dára pọ̀ mọ́ èyí tó dára, á mú èyí tó dínwó jù nínú àwọn tó rí níkẹyìn. Tábìlì méjì péré náà ní ọgbọ́n tiwọn. Bí planner bá rò pé ìlà kan ṣoṣo ló máa jáde nínú tábìlì àkọ́kọ́, á ní kí wọ́n mú un, kí wọ́n lọ wá ẹnìkejì rẹ̀ nínú tábìlì kejì. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìlà 50,000 ló jáde, ìgbà 50,000 ni wọ́n máa lọ tí wọ́n á bọ̀, nígbà tí wọn ì bá ti ka tábìlì kejì lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tò ó sínú mẹ́mọ́rì, kí wọ́n máa mú un níbẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ìbéèrè ìṣẹ́jú àáyá kan di ti wákàtí kan.

Àṣẹ EXPLAIN ANALYZE ló ń tú àṣírí rẹ̀. Ó máa kọ iye ìlà tí planner fojú díwọ̀n, ó máa kọ iye tó jáde ní ti gidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kí n tó wo àkókò rárá. Ibi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Èyí tó dá ẹ̀gbọ́n ìyá mi dúró lọ́jọ́ yẹn rọrùn láti ṣàlàyé. Nínú tábìlì mi, òpó kan sọ èbúté, òpó kejì sọ agbègbè tí èbúté náà wà. Mo béèrè fún ọkọ̀ tó ra ènìyàn ní Àgbádárìgì, tí agbègbè rẹ̀ sì jẹ́ Bight of Benin. Ká fi nọ́ńbà rírọrùn ṣe é: ká ní ìdá kan nínú 100 gbogbo ìrìn àjò ló kan Àgbádárìgì, ìdá kan nínú 10 ló kan Bight of Benin. Planner á sọ ìdá méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, á ní ìdá kan nínú 1,000 ni. Nínú 36,000, ó ń retí ọkọ̀ 36. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àgbádárìgì mọ̀ pé ọkọ̀ tó bá ti dúró níbí ti wà ní Bight of Benin tẹ́lẹ̀. Òpó kejì kò dín nǹkan kan kù, 360 ló yẹ kó retí. Tí mo bá tún fi òpó kẹta kún un tó ń sọ ohun kan náà ní ọ̀nà mìíràn, iye tó ń retí á tún já wálẹ̀. Planner gbà pé òpó kan kò mọ òpó kejì rí.

Ṣé bug nìyẹn, àbùkù inú kóòdù? Àwọn tó kọ ọ́ máa ń sọ pé rárá, àbá lásán ni, ẹni tó ń dábàá lè ṣì í. Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ gbà. Ẹni tó ń dúró de ìdáhùn láti àárọ̀ dé ọ̀sán kò bìkítà nípa orúkọ tí wọ́n bá pè é. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ra: láti mọ̀ bóyá òpó méjì jọ ń rìn, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wo gbogbo òpó méjì-méjì, kó tó kan mẹ́ta-mẹ́ta, kò sì sí ẹ̀rọ tó ní àyè ìyẹn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fún wa láyè láti sọ ọ́ fún un. Láti ẹ̀dà 10 tó jáde ní 2017, nínú iṣẹ́ tí Tomas Vondra kó ipa ńlá nínú rẹ̀, àṣẹ CREATE STATISTICS wà tí a lè fi sọ fún PostgreSQL pé èbúté àti agbègbè jọ ń rìn. Mo kọ ọ́, mo tún ANALYZE ṣe, ìdáhùn jáde kíá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti lọ nígbà yẹn.

Ẹni tó bá ṣí kóòdù planner máa rí àwọn nọ́ńbà tó máa pa á lẹ́rìn-ín. Nínú fáìlì selfuncs àti àwọn tó wà lágbègbè rẹ̀, ibi tí PostgreSQL kò bá ti rí ìròyìn kankan, á gbà pé ìdá 0.005 nínú gbogbo ìlà ló máa bá “ó dọ́gba” mu, ìdá kan nínú mẹ́ta ló máa bá “ó jù” tàbí “ó kéré sí” mu, àti pé nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ 200 ló wà nínú òpó. Kí ló dé tó fi jẹ́ 200? Ẹnì kan ní láti mú nọ́ńbà kan ni. Orúkọ tí ènìyàn máa ń bá pàdé jù nínú ìtàn kóòdù yìí ni ti Tom Lane, ará Amẹ́ríkà tó ti wà nídìí rẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1990. Ẹ ti jàǹfààní rẹ̀ láìmọ̀: òun wà lára àwọn tó ṣe ètò JPEG ọ̀fẹ́ tó ti ń ṣí fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà káàkiri ayé.

Títún planner ṣe kò rí bí títún ibòmíràn ṣe. Tí bọ́tìnnì kan kò bá ṣiṣẹ́, tí mo sì tún un ṣe, gbogbo ènìyàn ló máa yọ̀. Tí mo bá tún bí planner ṣe ń fojú díwọ̀n ṣe, ìbéèrè ẹnì kan á yára, ti ẹlòmíràn tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọdún márùn-ún á dojú rú, nítorí pé àṣìṣe méjì ló ti ń pa ara wọn rẹ́ nínú tirẹ̀, mo sì ti mú ọ̀kan kúrò. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ PostgreSQL fi ní òfin kan tí a kò kọ sára ògiri ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé: àtúnṣe tó máa yí ọ̀nà padà, ẹ̀dà tuntun tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sábà máa ń fi í sí. Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ irọ́, wọ́n á tún un ṣe nínú gbogbo ẹ̀dà tí wọ́n ṣì ń tọ́jú, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sì ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oṣù kejì, ìkarùn-ún, ìkẹjọ àti ìkọkànlá ni àtúnṣe bẹ́ẹ̀ máa ń jáde. Kí wọ́n tó gbà á, á gba inú ìdánwò kọjá. Tábìlì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ tenk1, ìlà 10,000 ló ní, nọ́ńbà àti lẹ́tà tí kò túmọ̀ sí nǹkan kan ló kún inú rẹ̀. Wọ́n á bi í ní ìbéèrè, wọ́n á fi ìdáhùn wé èyí tó wà nínú fáìlì, nígbà mìíràn ọ̀nà tí planner yàn pàápàá wà lára ohun tí wọ́n ń fi wé. Bí ó bá fi lẹ́tà kan yàtọ̀, ìdánwò ṣubú.

Ìdáhùn tó lọ́ra ń pariwo. Èyí tó ń purọ́ ló yẹ kí á bẹ̀rù.

Ní 1982, Won Kim kọ ọgbọ́n kan jáde fún ìbéèrè tó wà nínú ìbéèrè. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ àwọn ènìyàn, torí pé ó ń sọ ìbéèrè tó ń lọ tó ń bọ̀ di ìsopọ̀ tábìlì kan ṣoṣo. Ní 1984, Werner Kiessling rí i pé ó ń jẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ fi àkójọ wa wò ó. Lára iṣẹ́ tó bá SlaveVoyages rìn ni orúkọ ènìyàn 91,491, àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n mú, tí wọ́n sì kọ orúkọ àti ọjọ́ orí wọn sílẹ̀ ní Freetown àti Havana. Mo wá béèrè pé: kó ọkọ̀ tí orúkọ tó wà fún un kò tó mẹ́wàá jáde. Ọ̀nà tó lọ́ra ni pé kí ẹ̀rọ mú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó lọ ka orúkọ rẹ̀, kó padà. Ọgbọ́n Kim ni pé kí ó kọ́kọ́ ka gbogbo orúkọ, kó pín wọn sí ọkọ̀-ọkọ̀, kó wá so ó mọ́ tábìlì ọkọ̀. Ó yára. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò ní orúkọ kankan kò sí nínú ohun tí ó pín, nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ pín fún un. Òdo kéré sí mẹ́wàá, síbẹ̀ ọkọ̀ náà ti pòórá nínú ìdáhùn. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ tó kúrò ní etíkun wa ló rí bẹ́ẹ̀, kò sí orúkọ ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n dè sínú wọn. Àwọn gan-an ni bug yẹn máa yọ kúrò, kò ní fi àmì kankan hàn, ìlà tó kù á tò geere lójú ẹni tó ń wò ó.

Fún ìbéèrè tó rí báyìí, PostgreSQL kì í ṣe ọgbọ́n náà rárá. Á máa lọ, á máa bọ̀, ọkọ̀ kan tẹ̀ lé èkejì. Àwọn kan ń bú u nítorí ìyẹn. Ní tèmi, mo fara mọ́ ọn.

Ibi tí irọ́ bá ti máa ń yọjú nínú PostgreSQL, ìsopọ̀ tó ń fi àyè sílẹ̀ fún ìlà tí kò ní ẹnìkejì ló sábà máa ń fà á, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní outer join. Ọkọ̀ tí kò ní orúkọ á jáde, ibi orúkọ á ṣófo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, planner kò fi ìyàtọ̀ sáàárín òpó tí ó wà bí ó ṣe wà nínú tábìlì àti òpó kan náà lẹ́yìn tí ìsopọ̀ ti lè sọ ọ́ di òfìfo. Ó ń fi ẹ̀tàn kéékèèké yí i ká. Ní 2023, nínú ẹ̀dà 16, Tom Lane tú ìpìlẹ̀ náà palẹ̀: òpó kọ̀ọ̀kan ń gbé àkọsílẹ̀ ìsopọ̀ tó lè sọ ọ́ di òfìfo káàkiri báyìí. Àtúnṣe tó tọ́ ni. Ó sì tún mú àwọn àbùkù mìíràn jáde síta, Richard Guo àti àwọn mìíràn sì ń di wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e. Nínú oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, wọ́n gba ọgbọ́n tuntun wọlé tó ń yọ ìsopọ̀ tábìlì mọ́ ara rẹ̀ kúrò bí kò bá wúlò. Àbùkù kò yé yọjú nínú rẹ̀. Nínú oṣù karùn-ún 2024, kí ẹ̀dà 17 tó jáde, wọ́n fa gbogbo rẹ̀ yọ. Ó padà wọlé ní 2025, nínú ẹ̀dà 18.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń mú irọ́ tí kì í pariwo? Manuel Rigger àti Zhendong Su, ní ETH Zurich, mú ọ̀nà kan wá ní 2020 tí mo fẹ́ràn gan-an nítorí pé kò gba kí ènìyàn mọ ìdáhùn tó tọ́. Wọ́n fi ètò wọn, SQLancer, rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún bug nínú oríṣiríṣi dátábéèsì. Ẹ mú ìbéèrè kan, ẹ pín in sí mẹ́ta: ọkọ̀ tí àwọn tó kú nínú rẹ̀ lé ní 50, ọkọ̀ tí wọn kò lé ní 50, ọkọ̀ tí a kò mọ iye tó kú nínú rẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ọ̀kan péré. Tí ẹ bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ tí kò sì bá iye gbogbo ọkọ̀ dọ́gba, dátábéèsì náà ti purọ́ níbì kan. Nínú àkójọ ọkọ̀ ẹrú, apá kẹta yẹn pọ̀ gan-an, torí náà ó dára fún irú ìdánwò yìí ju tenk1 lọ.

Àwọn ọmọ tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, bó ṣe lọ fún ọ̀pọ̀ wa nínú oṣù kẹta 2024 nígbà tí wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ Abidjan, iṣẹ́ kò dúró, torí pé kóòdù PostgreSQL ti wà lórí kọ̀ǹpútà wọn. Wọ́n á pín ìbéèrè sí mẹ́ta, wọ́n á ro ó pọ̀. Bí kò bá dọ́gba, mo ní kí wọ́n máa yọ ìlà kúrò nínú tábìlì títí tó fi máa ku ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí irọ́ náà ṣì ń hàn nínú rẹ̀, kí wọ́n máa yọ tábìlì tí kò wúlò kúrò nínú ìbéèrè. Lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀dà PostgreSQL sílẹ̀, àṣẹ tó dá tábìlì sílẹ̀, ìbéèrè náà, ohun tó jáde àti ohun tó yẹ kó jáde. Kí wọ́n má kọ ìtàn ìyà tó jẹ wọ́n sí i. Ẹni tó máa tún un ṣe ní Pittsburgh tàbí Tokyo kò nílò rẹ̀; ìlà márùn-ún yẹn ló fẹ́.